Kéèkì Ọjọ́ Ìbí fún Ewúrẹ́ Twyla

Èmi ni mo ń pín lẹ́tà ní òpópónà Sisk, láti ẹ̀bá afárá títí dé ibi tí ọ̀dà títì ti tán tí igbó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń pín lẹ́tà kì í pẹ́ mọ àwọn tó ń gbà á. Mo mọ ẹni tó ń sùn títí oòrùn fi ń là á lójú. Mo mọ ẹni tí ajá rẹ̀ ń bu èèyàn jẹ tó sì ń búra pé ajá òun ò léyín. Nínú gbogbo wọn, ẹnì kan ṣoṣo ni mi ò lè kọjá nílé rẹ̀ kí n má yínmú: Twyla Overstreet, ọmọ Hobart Sisk. Ó dáa kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìyìn ni mo ń bá bọ̀.

Ilẹ̀ wa níhìn-ín lórí òkè Ozark, ní Missouri, òkúta ló ní in. Bí èèyàn bá sọ ọkọ́ kalẹ̀, iná ló máa ta sí i lójú. Màlúù kì í fẹ́ sanra lórí rẹ̀, àgbàdo kì í fẹ́ gbó lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ ń jayé orí ẹ̀ ní tiẹ̀. Ewúrẹ́ ni Hobart Sisk fi ń jẹun títí ó fi kú. Twyla nìkan ló bí. Ní gbogbo àárọ̀, kí ọkọ̀ ilé ìwé tó dé, Twyla ló ń gbé koríko gbígbẹ fún ẹran, òun ló ń pọn omi, òun ló ń gbá ìgbẹ́ wọn. Tó bá wá dé kíláàsì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á di imú, wọ́n á máa pè é ní Ìyàwó Òbúkọ.

Mi ò bá a wí pé ó sá. Ọmọ tí wọ́n ń fi ṣẹ̀sín, tó bá rí ọ̀nà, ó yẹ kó sá. Ó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó gba Springfield lọ, ó ń ṣe irun fún àwọn obìnrin níbẹ̀. Kì í sábà wálé. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ó wá, ó wọ ìbọ̀wọ́ dúdú, ó tú lọ́fínńdà sára tó bẹ́ẹ̀ tí oyin fi ń tẹ̀ lé e kiri itẹ́ òkú. Kò dúró jẹun. Kò wo ibi tí àwọn ẹran wà. Oneta Pruitt, ọmọ ẹ̀gbọ́n Hobart, tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà, ló kó gbogbo ewúrẹ́ náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ohun tí Twyla ṣe nígbà tó padà wá ni mo ń torí ẹ̀ bá a jà.

Ó padà nígbà tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, òun àti ọkọ rẹ̀, Lyle. Lyle ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ adójútòfò. Ọkùnrin gígùn, tó ń rìn bí ẹni tó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ilẹ̀. Mi ò gbọ́ kó sọ gbólóhùn kan parí rí lójú ìyàwó rẹ̀. Wọ́n kun ilé Hobart ní ọ̀dà òféfèé. Wọ́n gbin òdòdó síbi tí Hobart máa ń so òbúkọ mọ́. Twyla wá bẹ̀rẹ̀ sí jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú fóònù, ibẹ̀ ló sì ti rí àwọn obìnrin kan tó ń wọ súwẹ́tà fún ewúrẹ́, tí gbogbo ayé ń wò wọ́n. Ẹni tó ti ń sá fún òórùn òbúkọ láti ogójì ọdún wá rántí lójijì pé ọmọ ọlọ́sìn ewúrẹ́ lòun.

Ó ra mẹ́ta. Èyí tó funfun, tó gùn, ó pè é ní Duchess. Èyí tó ní àmì dúdú lójú, Pearl. Ẹ̀kẹta jẹ́ òbúkọ tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, pupa, oníwọ̀ra, tí ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín nígbà gbogbo. Gumdrop lorúkọ tiẹ̀. Lyle kan ilé fún wọn lẹ́yìnkùlé, ilé tó ní fèrèsé àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tiẹ̀, ó kùn ún ní ọ̀dà òféfèé bíi tiwọn. Twyla hun súwẹ́tà. Ó ra fìlà. Ó ń pè wọ́n ní àwọn ọmọ mi, ó ń pe ara rẹ̀ ní Màmá Ewúrẹ́, ó sì ń fi gbogbo rẹ̀ han àwọn olùwòran rẹ̀ lórí fóònù láràárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́.

Oúnjẹ wọn ni ká wá sọ. Láàárọ̀, páńkéèkì pẹ̀lú omi ṣúgà lórí ẹ̀. Lọ́sàn-án, bisikíìtì. Ní ìrọ̀lẹ́, àgbàdo nínú abọ́ tánganran, abọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ oníkálukú. Lyle ra koríko gbígbẹ tó dáa, Twyla ní ó ń fọ́n ká sílẹ̀, ó ń ba fọ́tò jẹ́. Ni wọ́n bá tì í sí igun àká, wọ́n fi ọ̀rá bò ó.

Inú ewúrẹ́ kì í ṣe inú èèyàn. Àpòlúkù ńlá kan wà ní apá òsì rẹ̀ tó dà bí ìkòkò tí a fi ń rẹ nǹkan. Koríko ló ń rẹ níbẹ̀. Ẹran á wá pọ̀ ọ́ padà sẹ́nu, á máa jẹ àpọ̀jẹ, ara á tù ú. Tí ọkà àti ohun dídùn bá rọ́ wọ inú ìkòkò náà lójijì, yóò kan, afẹ́fẹ́ á kún un, kíkan náà á sì máa bá ẹran jà láti inú wá. Ọmọdé tó bá ti lè gbé korobá ní òpópónà wa mọ èyí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n pẹ̀lú, kí ohun tó kù lè yé yín.

Lọ́jọ́ kan nígbà ìrúwé, mo gbé ẹrù kan wá fún Twyla. Mo bá Oneta Pruitt níbi wáyà ọgbà, ó fi ìgbọ̀nwọ́ lé òpó. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà yẹn, ó kéré, ó gbẹ, bàtà rọ́bà ló máa ń wọ̀ lẹ́ẹ̀rùn àti lójò. Ó ń wo Gumdrop. Wọ́n ti fi ìlédìí ọmọdé di Gumdrop nídìí, wọ́n ti gé ihò sí i kí ìrù lè yọ.

“Twyla,” Oneta sọ, “kí lo dì mọ́ èyí nídìí?”

“Ìlédìí ni, Ẹ̀gbọ́n Oneta. Inú ń ṣe é díẹ̀.”

“Inú ń ṣe é, o wá ń wá ibi tó máa dà á sí.”

“Kapẹ́ẹ̀tì tuntun la tẹ́ sínú ilé wọn.”

“Kí ló jẹ láàárọ̀ yìí?”

“Páńkéèkì kékeré.”

“Kí ló jẹ lánàá?”

Twyla rẹ́rìn-ín, ó yí sí mi bí ẹni pé kí n gbà á sílẹ̀. “Ẹ ẹ̀ rí Ẹ̀gbọ́n Oneta? Bíi ọlọ́pàá.”

Oneta gbé ẹsẹ̀ lé wáyà, ó fò ó, arúgbó bẹ́ẹ̀ yẹn. Ó tẹ ọwọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì Gumdrop, lẹ́yìn náà ó fi etí lé e. “Ó yẹ kó máa kù, bíi ààrá tó wà lókèèrè. Kò kù. Ikùn ọmọ yìí ti ń sùn.” Ó nàró. “Gbọ́ mi dáadáa. Kó gbogbo ohun dídùn kúrò níwájú wọn. Koríko gbígbẹ nìkan, omi, iyọ̀. Po sódà tí ẹ fi ń ṣe búrẹ́dì díẹ̀ sínú omi fún èyí. Tí inú rẹ̀ bá ti padà, ìgbẹ́ rẹ̀ á ṣe hóró-hóró, wàá bọ́ ìránù yìí nídìí ẹ̀.”

“Wọn ò fẹ́ràn koríko.”

“Ọmọdé náà ò fẹ́ràn ẹ̀fọ́.”

“Ẹ̀yin ará àtijọ́, koríko, koríko. Ayé ti kúrò níbẹ̀. Èmi, ìfẹ́ ni mo fi ń bọ́ àwọn ọmọ mi.”

“Ìfẹ́ yẹn náà ló ń ṣàn nídìí ẹ̀ yìí,” Oneta wí.

Lyle dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ewúrẹ́ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà lọ́wọ́. “Twyla,” ó ní, “bóyá ká tiẹ̀…”

“Lyle, ọ̀dà ẹ ń gbẹ.”

Lyle yí padà sí ọ̀dà rẹ̀. Oneta fò wáyà padà, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, Twyla sọ fún mi pé ìlara ló ń dà á láàmú, pé ewúrẹ́ Oneta pọ̀ tó ogún, kò sì sẹ́ni tó mọ orúkọ ọ̀kan nínú wọn. Láti ọjọ́ náà ló ti kìlọ̀ fún Lyle pé kò gbọdọ̀ sọdá ọ̀nà.

Nínú oṣù karùn-ún ló ṣe ọjọ́ ìbí fún Duchess. Ó pe gbogbo òpópónà, ó pe ìjọ, ó pe àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ láti Springfield. Oneta nìkan ni kò pè. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi ni. Mo lọ, torí pé bí èèyàn kò bá lọ síbi tí gbogbo òpópónà lọ, òun ni wọ́n á fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ jẹun. Àwọn obìnrin tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí màmá wọn kọ́ wọn bí a ṣe ń fún wàrà ewúrẹ́ kí wọ́n tó kọ́ wọn ní ábídí, wọ́n dúró ní ẹ̀yìnkùlé yẹn pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń na bisikíìtì sí ẹran lẹ́nu, wọ́n ń ké mẹ̀ẹ̀-mẹ̀ẹ̀. Ẹlòmíì gbé búrẹ́dì wá, ẹlòmíì gbé ápù. Àwọn ọmọdé ń da gúgúrú sílẹ̀ bí ẹni ń fún irúgbìn.

Kéèkì ọ̀hún tóbi tó táyà ọkọ̀. Ìyẹ̀fun, ṣúgà, àgbàdo àti ẹ̀pà lílọ̀ ni Twyla fi ṣe é, ó fi rìbọ́nì yí i ká, ó gún àbẹ́là sórí ẹ̀. Pásítọ̀ Gentry, ẹni tí kò tíì kọ oúnjẹ kankan láyé rẹ̀, na ọwọ́ sórí rẹ̀ ó gbàdúrà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún gbogbo ẹ̀dá ńlá àti kékeré. Duchess dé adé bébà. Lyle ni ó di fóònù mú, Twyla ń pàṣẹ fún un pé kó lọ sápá òsì, kó lọ sápá ọ̀tún.

Duchess jẹ nínú rẹ̀, Pearl jẹ. Gumdrop kò dúró kí wọ́n gé e. Ó gun tábìlì lẹ́sẹ̀ méjì, ó ki orí bọ kéèkì títí dé etí, gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó jẹ ẹ́ tẹ́rùn, wọ́n tún gbé abọ́ tánganran jáde, àgbàdo kún un dé ẹnu, torí Twyla fẹ́ fi fọ́tò kan parí rẹ̀. Mo gbé fìlà mi, mo lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe ń dúró níbi àpótí lẹ́tà wọn, mo rí Twyla níwájú ilé ewúrẹ́, fóònù lórí igi tó fi ń gbé e dúró, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. “Àríyá ti rẹ̀ wọ́n o. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń sùn, àwọn ọmọ mi.” Mo sún mọ́ ọn. Wọn kò sùn. Duchess wó sílẹ̀, ojú rẹ̀ sì là. Pearl ti orí mọ́ ògiri, ó dúró bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Gumdrop nà gbalaja, ó ń payín keke, apá òsì rẹ̀ wú sókè kọjá egungun ẹ̀yìn, ó le bíi bọ́ọ̀lù.

“Ìyáàfin Overstreet,” mo ní, “ẹran yín ń kú.”

“Dewey, máa pín lẹ́tà ẹ lọ,” ó dáhùn. Kò gbé ojú kúrò lára fóònù.

Lyle wà lẹ́yìn wa. Mi ò mọ ìgbà tó jáde. Kò dé fìlà, bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ ò bá ara wọn mu. Ó wo Gumdrop, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wá rìn gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá, ó la ọ̀nà kọjá lọ tààrà sí ilé Oneta. Twyla pè é lórúkọ. Kò wẹ̀yìn.

Oneta dé pẹ̀lú korobá omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, páálí sódà kan àti ìgò gígùn. Ó ti pe dókítà ẹranko, Marcella Quade, ṣùgbọ́n obìnrin náà wà níbi tí màlúù ti ń rọbí ní ìsàlẹ̀ odò, yóò pẹ́. Oneta kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ní kí Lyle jókòó sílẹ̀, kó gbé orí Gumdrop lé itan. Ó ń da omi sódà sí i létí ẹnu díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró kó gbé e mì kó tó da òmíràn, kó má baà gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ó ní kí n mú Pearl rìn, kí n má jẹ́ kó dùbúlẹ̀. Báyìí ni mo ṣe fi lẹ́tà ìjọba sílẹ̀ nínú ọkọ̀, mo ń fa ewúrẹ́ onísúwẹ́tà yí ká ọgbà òdòdó.

“Twyla,” Oneta pè é, “gbé nǹkan yẹn sílẹ̀, wá bá mi di Duchess mú.”

“Àwọn èèyàn ń bèèrè bí wọ́n ṣe wà.”

“Sọ fún wọn pé wọ́n ń kú.”

Obìnrin náà sì sọ fún wọn. Ó yí fóònù sí ojú ara rẹ̀, omijé ń dà, ó ní, “Ẹ bá mi gbàdúrà, àwọn ọmọ mi ń kú lọ.” Mo sún mọ́ ọn nígbà tí mo ń fa Pearl kọjá. Mo rí i tó fi ìka tún irun iwájú orí rẹ̀ ṣe láàárín ẹkún.

Gumdrop kú lórí itan Lyle kí dókítà tó dé. Ó na ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó bì sára ṣòkòtò Lyle, ó parí. Lyle kò gbé orí náà sílẹ̀. Nígbà tí Marcella Quade dé, ó ti ọ̀pá rọ́bà gba ọ̀fun Duchess wọnú, afẹ́fẹ́ tó jáde kan bíi ọtí tó ti bàjẹ́, gbogbo wa yí ojú. Ó gún un lábẹ́rẹ́, ó gún Pearl náà. Ó ní bí wọ́n bá rí ọ̀la, wọ́n lè yè é.

“Dókítà,” Lyle wí, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi la èyí, kí n rí i.”

“Lyle, o ò ní ṣe bẹ́ẹ̀,” Twyla ní.

“Ẹ bá mi là á, mà.”

Ẹ̀yìn àká ni wọ́n ti là á. Twyla kò wá síbẹ̀. Ohun tó wà nínú àpòlúkù yẹn, ẹ jẹ́ kí n má sọ gbogbo ẹ̀. Ògì kíkan ni, pẹ̀lú àgbàdo odidi tí kò tíì dà, gúgúrú, àti rìbọ́nì. Marcella fi ọ̀bẹ ṣí i, àbẹ́là ọjọ́ ìbí kan yọ jáde, òwú rẹ̀ ṣì wà lórí. Koríko tó wà níbẹ̀ kò tó fi kọ́ ilé ẹyẹ.

“Ọkà àti ṣúgà ló pa á,” Marcella sọ fún Lyle. “Kò sí májèlé níbí. Koríko nìkan ni kẹ́ ẹ fún àwọn méjì tó kù, ẹ má fún wọn ní nǹkan míì títí n ó fi padà wá.”

Lyle mi orí. Ó mú àbẹ́là náà, ó nù ún lára koríko, ó fi í sápò.

Ẹ ó rò pé ojú á ti Twyla. Ọ̀bùn rí ikú ọkọ tìrànmọ́. Twyla rí ikú ewúrẹ́, ó fi di ẹni ńlá. Ó wọ dúdú. Ó sọ fún àwọn olùwòran rẹ̀ pé ẹnì kan wà nítòsí tó ń jowú ìfẹ́ òun, pé ẹni náà wọlé pẹ̀lú ìgò, ó da nǹkan sí ọmọ òun lẹ́nu, ọmọ òun sì kú. Kò dárúkọ. Kò pọn dandan. Fídíò tó fi hàn, ojú Oneta ló kún inú rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, èmi fúnra mi ni mo gbé àwọn lẹ́tà èébú lọ fún obìnrin náà, láti ìlú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì tẹ̀ rí. Ó ka ọ̀kan, ó fi ìyókù dáná.

Wọ́n sìnkú Gumdrop nínú pósí funfun. A kì í ṣòkú ewúrẹ́. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ọbẹ̀ la ń fi í sè, tí kò bá sì ṣeé jẹ, a ó gbẹ́ ihò fún un láìsọ̀rọ̀. Pásítọ̀ Gentry dúró lórí ihò náà, ó ka Bíbélì. Kò tì í lójú. Lẹ́yìn náà, Twyla tẹ àwòrán Gumdrop sára ẹ̀wù, ó ń tà á. Èmi ni mo ń gbé àwọn ẹrù ẹ̀wù náà lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Wọ́n wúwo.

Ọjọ́ kejì ìsìnkú náà ni Lyle ti àwọn ewúrẹ́ méjèèjì sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré rẹ̀, tó wà á kọjá sí òdìkejì ọ̀nà, ìrìn tí ọmọ kékeré lè fi ẹsẹ̀ rìn. Mo wà níbẹ̀, mo ń fún Oneta ní ìwé iná mànàmáná rẹ̀.

“Mo kó wọn wá,” Lyle ní. “Ẹ jọ̀ọ́ mà. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wọn.”

“Àgbà bíi tìẹ,” Oneta dá a lóhùn, “o fún òǹrorò láyè, ẹran kú. Ó dùn ẹ́ báyìí?”

“Ó dùn mí.”

“Ó dáa. Bọ́ súwẹ́tà yẹn lára wọn kí òbúkọ mi tó rí wọn. Fọ́ọ̀kì koríko wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.”

Láti ọjọ́ náà, Lyle ń wá láràárọ̀. Kò mọ nǹkan kan. Ó ń di fọ́ọ̀kì mú bíi ẹni tó di ejò mú. Oneta ń bú u, Lyle ń gbé èébú náà mì, ó ń kọ́ṣẹ́. Nígbà tó yá, ó wá mọ koríko tó ti bu nípa òórùn rẹ̀, ó mọ pé omi àná kì í ṣe omi òní, ó mọ bí a ṣe ń gbọ́ ikùn ẹran. Ewúrẹ́ méjèèjì padà bọ̀ sípò. Irun Pearl tó ti ṣá bẹ̀rẹ̀ sí dán. Mi ò fẹ́ yin Lyle jù. Ó ti yẹ kí ọkùnrin náà ṣe é kí Gumdrop tó kú.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ìlú ṣe ìwọ́de ọjọ́ òmìnira nínú oṣù keje, Twyla fúnra rẹ̀ sọdá. Ó wọ ẹ̀wù Gumdrop. Èmi, Oneta àti Lyle wà níwájú àká. Ó ní òun wá mú ẹran òun, pé wọ́n ti fún òun ní àyè lórí ọkọ̀ kan nínú ìwọ́de, pé òun ti ra fìlà aláwọ̀ mẹ́ta fún Duchess àti Pearl.

“Ìwọ lo ni wọ́n,” Oneta sọ. “Mi ò lè di ẹran ẹlẹ́ran mú. Ṣùgbọ́n sọ fún mi kí n gbọ́. Tí wọ́n bá jí láàárọ̀, kí lo máa kọ́kọ́ fún wọn?”

Mo rò pé yóò sọ̀rọ̀ páńkéèkì. Mo rò pé yóò sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ó dúró, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́ kíákíá, láìronú, bí ọmọ ilé ìwé tó ń ka àkọ́sórí.

“Koríko gbígbẹ lákọ̀ọ́kọ́, kí wọ́n tó jáde lọ jẹ tútù, kí inú wọn má baà wú. Omi tuntun. Iyọ̀ lára ògiri níbi tí òjò ò ti ní lè bá a. Ọkà, ẹ̀kúnwọ́ kan fún èyí tó ń fọ́mọ lọ́mú. Òbúkọ tí a tẹ̀ lọ́dàá kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Oúnjẹ tuntun, díẹ̀díẹ̀ la fi ń mú un mọ́ wọn lára. Tí inú bá wú, gba gbogbo nǹkan lẹ́nu ẹ̀, sódà, kó o máa mú un rìn.”

Fọ́ọ̀kì Lyle dúró lójú kan nínú koríko.

“O mọ̀ ọ́n,” ó ní.

“Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ilé ta ni mo dàgbà sí?”

“Twyla, o mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Oneta ń sọ ọ́ fún ẹ níbi wáyà, o ti mọ̀ ọ́n.”

“Lyle, má ṣe bíi òmùgọ̀. Ta ló fẹ́ wo ewúrẹ́ tó ń jẹ koríko? Mo dán an wò lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Mo fún wọn ní koríko, mo gbé e síta. Kò sẹ́ni tó wò ó.” Ohùn rẹ̀ lọ sókè díẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, fún ìgbà kan mo rí ọmọ tí wọ́n ń di imú sí ní kíláàsì. “Ọjọ́ tí mo fún wọn ní páńkéèkì ni gbogbo èèyàn wò mí.”

 Mo ti gan obìnrin náà tẹ́lẹ̀ nítorí pé mo rò pé aláìmọ̀kan ni. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti ń gbé e gẹ̀gẹ̀. Aláìmọ̀kan a máa pa ẹran, ó sì lè kẹ́kọ̀ọ́. Èyí mọ ọ̀nà tí Gumdrop ń bá lọ láti àárọ̀ ọjọ́ kìíní, ó ń mú un lọ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń ya fọ́tò ìrìn àjò náà.

“Lọ sílé, ọmọ Hobart,” Oneta ní, ohùn rẹ̀ kò le.

“Ẹran mi ńkọ́?”

“Wọn ò lọ,” Lyle dáhùn.

Twyla wò ó títí. Mo rò pé yóò pa á láṣẹ bó ṣe máa ń ṣe, pé yóò ní kó lọ wo ọ̀dà.  Ó yí padà, ó sọdá ọ̀nà, bàtà rẹ̀ ń dún lórí títì gbígbóná.

Kò tìtorí ìyẹn fi ìwọ́de sílẹ̀. Wọ́n ní ó dúró lórí ọkọ̀ náà pẹ̀lú àwòrán Gumdrop tó ga bí ilẹ̀kùn, ó ń juwọ́, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, ẹlòmíì ń sunkún. Mi ò sí níbẹ̀. Mo wà nínú pápá Oneta, à ń kó koríko wọlé kí òjò tó dé, Lyle sì ti jó lọ́rùn nínú oòrùn bíi edé tí wọ́n sè.

Wọ́n ṣì ń gbé pọ̀, Twyla àti Lyle. Ìrọ̀lẹ́ ni Lyle máa ń padà sílé, ó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, ó ń sùn sí ibùsùn rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ, mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò sì bèèrè. Twyla ti ra pẹ́pẹ́yẹ báyìí. Lánàá, bí mo ṣe ń ti lẹ́tà bọ inú àpótí wọn, ó jáde wá bá mi, ẹrù ẹ̀wù lọ́wọ́ rẹ̀.

“Dewey, o ò tíì ra tìẹ nínú ẹ̀wù ọmọ mi.”

“Mo láṣọ, mà,” mo dáhùn, mo gba ẹrù náà, mo sì wa ọkọ̀ mi lọ.